Bí Mo Ṣe Fẹ́rẹ̀ẹ́ Fi Ebi Pa Ara Mi Nídìí Iṣẹ́ Ògbufọ̀

Ẹ̀yin tí inú ń ta lẹ́nu iṣẹ́, tí ẹ ń fi ọwọ́ tẹ ikùn lábẹ́ agbádá kí ẹlòmíì má baà rí i, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bùráímọ̀ ni orúkọ mi. Ọmọ Ìkàrẹ́ ni mí, Mùsùlùmí sì ni mí, ṣùgbọ́n àwọn onígbàgbọ́ Ọ̀kà ló kọ́ mi ní ìwé tí mo fi ń kọ èyí. Mi ò mọ oògùn, mi ò sì ní pe ara mi ní oníṣègùn. Ohun tó ṣe mí nìkan ni mo mọ̀, mo sì mọ̀ ọ́n dáadáa, nítorí díẹ̀ ló kù kó gbé mi lọ.

Ògbufọ̀ kóòtù ìbílẹ̀ ni mí. Nígbà tí òyìnbó dé, tí wọ́n ní kí àwọn ìjòyè máa jókòó sábẹ́ òrùlé kan láti dá ẹjọ́, kí akọ̀wé sì máa kọ ọ́ sínú ìwé, kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i pé wàhálà wà. Ní Àkókó wa yìí, ìlú tó wà lẹ́yìn òkè yìí lè má gbọ́ èdè ìlú tó wà lẹ́yìn òkè kejì rárá. Ará Èpìnmì á rojọ́ títí, ìjòyè Ìkàrẹ́ á kàn máa wò ó lẹ́nu ni. Ọmọ Èpìnmì ni ìyá tó bí mi. Bàbá mi ní tirẹ̀ ń kó obì kiri gbogbo Àkókó, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo sì rìn dàgbà, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbọ́ èdè mẹ́rin yàtọ̀ sí Yorùbá. Kò sí ẹlòmíì tó gbọ́ tó bẹ́ẹ̀, ni wọ́n bá mú mi. Ọjọ́ méjì ni mo ń lò ní kóòtù Ìkàrẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀, n óò lo ọjọ́ méjì ní ti Ọ̀kà, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn ín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ àìjẹun ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún tí mo wọ iṣẹ́ náà, obìnrin kan ń bá àbúrò ọkọ rẹ̀ du ilẹ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ ẹjọ́, mo jí bá iyán àti ọbẹ̀ ẹran ìgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní mi. Mo rò pé ìyàwó mi ló gbé e síbẹ̀, mo jẹ ẹ́, mo tún lá ọwọ́. Àṣé obìnrin yìí ló gbé e wá nígbà tí ìyàwó mi lọ sódò. Bí a ṣe dé kóòtù, tí mo ń sọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà lédè Yorùbá, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ti rí i nígbà tó ń gbé oúnjẹ náà bọ̀, dìde, ó ní, "Ẹ̀yin ìjòyè, kì í ṣe Bùráímọ̀ ló ń sọ̀rọ̀ yẹn. Iyán tó jẹ láàárọ̀ ló ń sọ̀rọ̀." Gbogbo kóòtù bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa fi ara sí.

Ní ọjọ́ náà gan-an ni mo dìde níwájú àwọn ìjòyè, mo búra pé láti ọjọ́ náà lọ, ní gbogbo ọjọ́ ẹjọ́, kò sí ohun tó máa kan ẹnu mi ju omi àti obì lọ títí ẹjọ́ tó kẹ́yìn yóò fi parí. Mo ní mi ò ní jẹ ti ìyàwó mi pàápàá, nítorí ta ló máa jẹ́rìí pé òun ló sè é? Àwọn ìjòyè yìn mí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń pè mí ní Ẹlẹ́nu-mímọ́. Inú mi máa ń dùn tí wọ́n bá pè mí bẹ́ẹ̀, mi ò ní parọ́.

Ẹ wá ṣírò rẹ̀ wò. Ọjọ́ mẹ́rin nínú ọ̀sẹ̀ ni mi ò ń jẹun láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi máa wọ̀. Bí ebi bá dé, n óò fi obì pa á. Nígbà tí mo bá délé, n óò wá gbé iyán ńlá kan mì bí ẹni pé wọ́n ń lé mi, n óò sì sùn tì í. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe é bẹ́ẹ̀.

Láàárín ìgbà náà, ẹjọ́ ń pọ̀ sí i, wọ́n sì fún mi ní ẹnìkejì. Dáníẹ́lì lorúkọ rẹ̀, onígbàgbọ́ ọmọ Èpìnmì, ọkọ Rútù, bàbá ọmọ mẹ́ta. Ó gbọ́ èdè, ó ní sùúrù, ohùn rẹ̀ sì já gaara ju tèmi lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fún un ní ẹjọ́ kan dá ṣe. Bó bá sọ̀rọ̀ tán, n óò tún un sọ, bí ẹni pé tirẹ̀ kò tó. Bí mo bá fẹ́ lọ tọ̀ pàápàá, n óò ní kí wọ́n dúró dè mí. Mo rò pé bí mo bá kúrò lórí ìjókòó yẹn, kóòtù á wó lulẹ̀ ni. Ní oṣù kejì tó dé, Dáníẹ́lì náà kò jẹun mọ́ lọ́jọ́ ẹjọ́. Èmi ò sọ fún un pé kó má jẹ. Mo kàn yìn ín níwájú àwọn ìjòyè ni, mo ní, "Ẹ ò rí i pé ẹni tó ń tẹ̀ lé mi náà mọ́ lẹ́nu?"

Bí àìsàn náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí, kí ẹ lè mọ̀ ọ́n bó bá wá bá yín. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ebi lásán. Bí oòrùn bá ti fẹ́ kan àtàrí, nǹkan á máa jó mi lábẹ́ igbá àyà, ní ojú kan ṣoṣo tí mo lè fi ìka kan tọ́ka sí. Bí mo bá jẹ obì, á dákẹ́ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, á tún wá bù mí jẹ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rù. Ìyàwó mi, Ìyá Àmínà, ń gba agbádá mi sí inú, ó tún ń gbà á sí i. Ìgbẹ́ mi wá dúdú bí ọ̀dà. Ìyẹn nìkan ló yẹ kó lé mi wá ìwòsàn, ṣùgbọ́n ta ni mo máa sọ fún? Ojú tì mí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì yín.

Ní ọjọ́ kan, lójú ọ̀nà Ọ̀kà, òòyì kọ́ mi, mo jókòó sórí òkúta, mo sì bì. Ohun tó jáde dà bí èédú tí wọ́n pò mọ́ omi. Mo fi ewé nu ẹnu mi, mo dìde, mo lọ ṣe ẹjọ́ méje lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gọ̀ wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Ìgbà tí mo wá bi ẹ̀jẹ̀ pupa nílé, tí n kò lè dìde mọ́, ni gbogbo ẹbí tó gbọ́. Ilé wa kún. Ìyá ìyàwó mi gbé àgbo wá láti Ọ̀kà, àgbo tí wọ́n da ata ijọ̀sì sí, ó ní yóò lé ohun tó wà nínú mi jáde. Mo mu ún, mo rò pé iná ni mo gbé mì. Ẹ̀gbọ́n mi, Alfa Múmúnì, kọ ọ̀rọ̀ Kùránì sára wàláà, ó fọ̀ ọ́ fún mi, ó ní kí n mu omi rẹ̀ ní ìdájí fún ọjọ́ méje, ó sì ní kí n má jẹ nǹkan kan títí oòrùn fi máa là. Àbúrò bàbá mi ní tirẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ ti àgbo, kò fẹ́ gbọ́ ti omi wàláà. Ó ní ẹni tó pàdánù ẹjọ́ ló fún mi jẹ.

Ìyá Àmínà ló wá dá a lóhùn. "Bàbá, ẹ má bínú. Ẹni tí kò jẹun, ta ló fún un jẹ?"

Ó ní òun ti gbọ́ pé ilé ìwòsàn àwọn onígbàgbọ́ kan wà ní ìrìn ọjọ́ mẹ́ta sí Ìkàrẹ́, ibẹ̀ sì ni òun máa gbé mi lọ. Àbúrò bàbá mi ní ta ló máa rù mí, kí la sì máa san? Ìyá Àmínà wọlé, ó kó aṣọ òfì tí ìyá rẹ̀ fún un nígbà ìgbéyàwó jáde, ó tà á ní ọjọ́ náà. Mo ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lóde bó ṣe ń ná an, omi ń dà lójú mi. Ọkùnrin mẹ́rin ló rù mí nínú aṣọ tí wọ́n so mọ́ ọ̀pá. Ẹ̀gbọ́n mi Alfa bá wa lọ, ó ń ṣàdúà ní gbogbo ọ̀nà.

Nígbà tí a débẹ̀, èrò kún àgbàlá náà bí ọjà. Wọ́n tò wá sórí ìlà lábẹ́ igi máńgòrò, àwọn tó ní egbò ẹsẹ̀, àwọn ìyá tó gbé ọmọ dání. Òyìnbó ni dókítà, kò gbọ́ èdè wa, nítorí náà ògbufọ̀ kan dúró tì í. Ẹ̀mí ń bọ́ lára mi, síbẹ̀ mo ń fetí sí iṣẹ́ rẹ̀, mo ń wá ibi tó ti máa ṣì í sọ. Bí ó ṣe ku ẹni méjì kó kàn mí, oòrùn kan àtàrí, ògbufọ̀ náà pa ilẹ̀kùn dé, ó lọ jẹun. Inú bí mi. Mo ní, "Irú ògbufọ̀ wo nìyí? Èrò pọ̀ tó báyìí, ó lọ jẹun?"

Obìnrin kan tó wà níwájú mi ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kó jẹun jàre. Ẹni tó jẹun lórí rẹ̀ máa ń pé. Ṣé ẹ fẹ́ kó ṣì yín sọ fún dókítà ni?"

Ó padà dé, ó ń nu ẹnu, ó kí gbogbo wa, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Ẹnikẹ́ni kò kú láàárín ìgbà tó lọ.

Dókítà tẹ ikùn mi, ó bi mí ní ìbéèrè púpọ̀. Egbò ló wà nínú ikùn mi, ó sì ti ń ṣẹ̀jẹ̀. Nígbà tí mo sọ bí mo ṣe ń jẹun, òyìnbó náà wo ògbufọ̀ bí ẹni tó rò pé ó ṣì í sọ, ó ní kó tún un bi mí. Mo tún un sọ. Ògbufọ̀ wá ní, "Dókítà ní ọ̀tá wo ló fi ìyà yìí jẹ ọ́?"

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo lò níbẹ̀. Omi ẹ̀kọ àti wàrà ni wọ́n fi ń bọ́ mi, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọ tuntun. Ẹ̀rù bà mí gidigidi ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, nítorí ẹni tó wà lórí ẹní tó tẹ̀ lé tèmi ní irú àìsàn mi gan-an, ó sì kú. Nígbà tí mo fẹ́ lọ, wọ́n ní kí n má jẹ́ kí inú mi ṣófo mọ́. Wọ́n ní kí n máa jẹun láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́, kó má pọ̀ jù, kí n fi obì sílẹ̀, kí n má sì dá iṣẹ́ ẹni méjì ṣe.

Lójú ọ̀nà, mo sọ fún Alfa pé ọ̀rọ̀ ìbúra mi ń dà mí láàmú. Ó dúró, ó wò mí. Ó ní, "Bùráímọ̀, Ọlọ́run tó ní kí a gbààwẹ̀, òun náà ló ní kí aláìsàn má gbà á. Ta wá ni ìwọ, tí ààwẹ̀ tìẹ fi le ju ti Ọlọ́run lọ?" Ó ní ká fi oúnjẹ bọ́ àwọn tálákà dípò ìbúra náà, a sì ṣe é.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi tó yẹ kí n parí ọ̀rọ̀ sí nìyí, kí n ní ara mi dá. Ṣùgbọ́n ibi tí mo ti hùwà tó burú jù ló kù. Nígbà tí mo padà sí kóòtù, àwọn ìjòyè dìde kí mi. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn ní, "Ẹlẹ́nu-mímọ́ ti dé." Mo fẹ́ sọ fún wọn pé mo ti ń jẹun. Ẹnu mi kò là. Mo lọ ra búta tuntun kan, irú èyí tí a fi ń ṣe àlùwàlá, Ìyá Àmínà sì ń rọ ògì àti wàrà sí i fún mi láràárọ̀. Bí ọ̀sán bá ti pọ́n, n óò gbé búta mi, n óò lọ sẹ́yìn kóòtù, n óò mu ògì mi tán, n óò nu ẹnu mi, n óò wọlé. Wọ́n rò pé àlùwàlá ni mo lọ ṣe. Wọ́n tún ń yìn mí sí i, pé láti ìgbà tí mo ti ṣàìsàn ni mo ti túbọ̀ ń bẹ̀rù Ọlọ́run. Ìyá Àmínà kìlọ̀ fún mi, ó ní, "Bàbá Àmínà, ohun tí ẹ ń ṣe yìí kò dáa." Mo ní kó fi mí sílẹ̀.

Ara mi ń bọ̀ sípò. Mo tilẹ̀ ń fún Dáníẹ́lì ní ẹjọ́ dá ṣe, nítorí pé wọ́n ní kí n má dá iṣẹ́ ẹni méjì ṣe, ó sì ń ṣe é dáadáa. Ní oṣù kẹta, ó dìde láti gbẹnu sọ fún bàbá kan láti Èpìnmì. Ọ̀sán ti pọ́n, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mu ògì mi dé ni. Mo rí i tó fi ọwọ́ òsì di tábìlì mú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lábẹ́ bùbá, ó fi ìka kan tẹ ojú kan ṣoṣo lábẹ́ igbá àyà. Mo mọ ojú ibẹ̀. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ti bì sílẹ̀, mo sì mọ àwọ̀ náà pẹ̀lú.

A gbé e lọ sílé rẹ̀. Rútù gbé orí ọkọ rẹ̀ lé itan. Ó ní láti bí ọdún kan ni inú ti ń ta á, òun ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó máa jẹun, kò gbà. Mo kúnlẹ̀ tì í. Mo ní, "Dáníẹ́lì, kí ló dé? O rí bí mo ṣe kúrò nílùú nínú aṣọ. O mọ ohun tó ṣe mí."

Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nígbà tí ẹ dé, mo fẹ́ máa jẹun. Mo wò yín, ẹ ò jẹ. Mo ní bí ẹni tó ṣàìsàn bá lè fara dà á, kí wá ni tèmi?"

Ọ̀rọ̀ náà gún mi dé egungun. Mo sọ fún un nígbà náà. Mo sọ ti búta, mo sọ ti ògì, mo ní láti ọjọ́ tí mo ti dé ni mo ti ń jẹun lójoojúmọ́. Rútù wò mí, kò bú mi. Ì bá sàn bó bá bú mi. Dáníẹ́lì pa ojú dé. Ó ní, "Ẹ ò bá ti sọ fún mi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn náà, èmi fúnra mi sì wà lára àwọn tó rù ú títí dé odò àkọ́kọ́, kí wọ́n tó lé mi padà pé mi ò lágbára tó. Ní ọjọ́ ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e, bí oòrùn ṣe kan àtàrí, mo ní kí ẹjọ́ dúró. Mo gbé búta mi sórí tábìlì níwájú gbogbo èèyàn, mo da ògì inú rẹ̀ sínú àwo, mo sì mu ún. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Mo ní kí wọ́n má pè mí ní Ẹlẹ́nu-mímọ́ mọ́, nítorí orúkọ yẹn ló fẹ́ pa ọmọ ọlọ́mọ. Mo rò pé wọ́n á lé mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ìjòyè tó dàgbà jù náà wo àwo ògì, ó wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin tèmi, mo rò pé èmi nìkan lebi ń pa níbí." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni kóòtù Ìkàrẹ́ ti ń dúró lọ́sàn-án kí gbogbo èèyàn lè jẹun, olùpẹ̀jọ́ àti olùjẹ́jọ́ pẹ̀lú, kóòtù Ọ̀kà sì gbà á lọ́wọ́ wa. Ẹni tó bá fẹ́ wo ohun tí ògbufọ̀ ń jẹ, kó wá wò ó. Gbangba la ti ń jẹ ẹ́.

Bí mo ṣe wà báyìí, ara mi dá. Mi ò fi ẹnu kan obì mọ́, mi ò sì jẹ́ kí oòrùn kan àtàrí kó bá mi láìjẹun. Nígbà mìíràn, bí mo bá gbàgbé ara mi, ojú kan yẹn á ta mí díẹ̀, n óò sì tètè wá nǹkan jẹ. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, ẹ má gbé iná lé e lórí ní orúkọ àgbo, ẹ má sì fi í pamọ́. Bí ẹ bá ní àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n rí yín níbi tí ẹ ti ń sinmi. Mo ti pín iṣẹ́ náà sí méjì. Dáníẹ́lì ló ni ọjọ́ Ọ̀kà, èmi ni mo ni ọjọ́ Ìkàrẹ́.

Bẹ́ẹ̀ ni, Dáníẹ́lì padà dé. Oṣù méjì ló lò. Ó rù, irun rẹ̀ funfun díẹ̀, ṣùgbọ́n ó dé. Tí ẹjọ́ bá pọ̀ ní Ìkàrẹ́, ó máa ń wá bá mi ṣe é, a ó sì jọ jókòó sí ìdí àwo kan ṣoṣo lọ́sàn-án. Títí di òní, kò jẹ́ fi ọwọ́ kan oúnjẹ náà kó tó kọ́kọ́ wo ọwọ́ mi. Nítorí náà, bí ebi ń pa mí, bí kò sì pa mí, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ bù ú.